Ṣé O Mọ̀? Ta Gan-an Ni Ọ̀gá Onílù?

Bí o bá fẹ́ kí iyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn orin, má bi wọ́n léèrè olórin. Bi wọ́n pé onílù wo ló mọ ìlù lù jù. Ọ̀kan á ní ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ yá ni, òmíràn á ní ẹni tó kàwé orin ni, ẹlòmíràn á ní ẹni tórúkọ rẹ̀ gba ìgboro kan ni. Mo ti ṣa ìyanu jọ fún ọ lórí iyàn yìí, ó sì dá mi lójú pé wàá yí èrò rẹ padà kí o tó kà á tán.

Ṣé ọwọ́ yíyá ni?

• Ìgbà 1,208 láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo! Iye ìgbà tí Tom Grosset, ọmọ Kánádà, fi igi kan ìlù ní 2013 nìyẹn, ó ju ogún lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìyanu ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n dìde, kí o jó sí i ká wò ó.

• Ẹ̀ẹ̀kan péré! Nínú gbogbo àwo tí àwọn Beatles ṣe, inú "The End" ti 1969 nìkan ni Ringo Starr ti dá ìlù lù, kò sì pé ogún ìṣẹ́jú àáyá tó fi parí rẹ̀. Kò fẹ́ràn àdálù rárá. Kí orin ṣáà dùn ni tirẹ̀.

• Ìlù mẹ́rin ti tó! Nígbà tí àwọn onílù rọ́ọ̀kì mìíràn ń to ìlù mẹ́wàá, méjìlá yí ara wọn ká, ìwọ̀nba kékeré yẹn ni Charlie Watts fi gbé Rolling Stones ró láti 1963 títí tó fi kú ní 2021.

• Wo ọwọ́ ọ̀tún Watts dáadáa nínú fídíò. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ òsì bá fẹ́ lu snare, ọwọ́ ọ̀tún á gbéra kúrò lórí aro, á fún un láàyè. Ohun tí ọkùnrin yìí kò lù gan-an ni àwọn onílù ṣì ń kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

• Má tíì lọ o! Láti òpin àwọn ọdún 1960, Watts kan náà ń ya àwòrán gbogbo bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì tó bá sùn sí nígbà ìrìn-àjò orin. Ẹni tó ní irú sùúrù yìí, ṣé ìlù ló máa kánjú lù?

• Ìlù kan náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin! Nínú "Billie Jean" ti Michael Jackson, ekukáká ni Leon "Ndugu" Chancler fi yí nǹkan kan padà, síbẹ̀ inú Thriller ti 1982 ló wà, àwo tó tà jù lọ láyé. Bó bá ti kọ lù báyìí, ẹsẹ̀ rẹ á ti mọ orin náà kí etí rẹ tó dá a mọ̀.

• Ju ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ lọ ni Phil Collins fi dá ayé dúró nínú "In the Air Tonight" ti 1981 kó tó já ìlù lé wọn lórí. Bí orin náà bá kan ibẹ̀ lónìí, àgbà àti ọmọdé ló ń fọwọ́ lu afẹ́fẹ́.

• Má fọwọ́ kan aro kankan! Àṣẹ tí Peter Gabriel pa fún àwọn onílù rẹ̀ nìyẹn lórí àwo tó gbé jáde ní 1980, Collins sì wà lára wọn. Ibi tí wọ́n ti gba aro lọ́wọ́ onílù yìí gan-an ni ìró ìlù tó kún gbogbo orin àwọn ọdún 1980 ti là.

Ṣé ìwé orin kíkà ni?

• Ọmọ oṣù méjìdínlógún ni Buddy Rich nígbà tó kọ́kọ́ lùlù lórí ìtàgé, síbẹ̀ kò kọ́ ìwé orin títí ó fi kú ní 1987. Bí orin tuntun bá dé, ẹlòmíràn á kọ́kọ́ lù ú, Buddy á jókòó tẹ́tí. Lẹ́yìn náà á bọ́ sídìí ìlù, á sì lù ú láìṣìṣe.

• Ta ni olùkọ́ Clyde Stubblefield? Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ọkọ̀ ojú irin! Ìró wọn ló ń tẹ̀lé ní kékeré ní Chattanooga tí wọ́n bí i sí, òun ló sì gbé lọ sọ́dọ̀ James Brown.

• Ìrọ̀rí ni Dave Grohl fi kọ́ ìlù! Kò ní ìlù nílé, orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń kan igi mọ́ ìrọ̀rí, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ fi wúwo tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí Nirvana gbé Nevermind jáde ní 1991.

• Agolo ọ̀dà! Ohun tí Carlton Barrett kọ́kọ́ sọ di ìlù ní Jàmáíkà nìyẹn, kó tó di ẹni tó wà lẹ́yìn Bob Marley. Níbi tí gbogbo onílù ti ń tẹ ìlù ẹsẹ̀ ní ìkan àkọ́kọ́, Barrett á fò ó, á dúró de ìkẹta.

• Chano Pozo, ọmọ Kúbà, kò mọ ìwé orin kà rárá. Ẹnu ló fi ń kọ ohun tí fèrè kọ̀ọ̀kan máa fọn fún Dizzy Gillespie, báyìí ni wọ́n ṣe bí "Manteca" ní 1947, tí kóńgà Kúbà sì fìdí kalẹ̀ sínú jáàsì Amẹ́ríkà.

• Níbi iṣẹ́ rédíò l'Ékòó! Ẹni bí ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Tony Allen, onílù Fẹlá, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara rẹ̀ ní ìlù, bó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ló ń gbọ́ àwo àwọn onílù jáàsì Max Roach àti Art Blakey. Kò sẹ́ni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

• Kí ló pa Earl Palmer, Steve Gadd àti Buddy Rich pọ̀? Ijó! Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti ń fi bàtà onírin jó ijó ẹsẹ̀ ní kékeré; Gadd tilẹ̀ jó lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Mickey Mouse Club. Àbí ijó ni ilé-ẹ̀kọ́ ìlù gan-an?

• Kó o má wá rò pé ẹ̀kọ́ kò wúlò o! Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, gbogbo ayé sì ti gbà fún Neil Peart ti Rush, nígbà tó gba ilé àgbà olùkọ́ kan, Freddie Gruber, lọ láti tún bí a ṣe ń di igi ìlù mú kọ́.

• Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè! Nígbà tí Jeff Porcaro máa lu "Rosanna" fún Toto ní 1982, ó mú ìlù Bernard Purdie, ó mú ti John Bonham onílù Led Zeppelin, ó bù díẹ̀ lára ti Bo Diddley, ó pò ó pọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, orin náà gba Grammy.

Ṣé ara pípé ni?

• Apá kan ṣoṣo! Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1984 ni Rick Allen ti Def Leppard pàdánù apá òsì rẹ̀ nínú jàǹbá ọkọ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún péré. Ó kó iṣẹ́ apá òsì lé ẹsẹ̀ òsì lọ́wọ́, àwo Hysteria tí wọ́n ṣe ní 1987 sì tà ju ogún mílíọ̀nù lọ.

• Ọlọ́wọ́ òsì ni Ringo, ṣùgbọ́n ìlù ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló ń lù! Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá ọ̀nà gbà ni àwọn àrà rẹ̀ ti jáde, ọ̀pọ̀ ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló sì ń làágùn kí wọ́n tó lè lù ú bó ṣe lù ú.

• Ilé ìwòsàn ni ìlù ti gba ọkàn Ringo kan náà, nígbà tí ikọ́ ife dá a dúró síbẹ̀ lọ́mọdé. Wọ́n kó ìlù fún àwọn aláìsàn kí wọ́n lè rí nǹkan ṣeré. Ọmọ yìí kò fi ìlù sílẹ̀ mọ́.

• Stevie Wonder kò ríran, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló lu ìlù tó bẹ̀rẹ̀ "Superstition" ní 1972. Òun náà ló tẹ dùùrù rẹ̀, òun náà ló kọ ọ́ lórin!

• Láti ọmọ ọdún méjìlá ni Evelyn Glennie, ará Scotland, kò ti fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, síbẹ̀ òun ló ṣíwájú ẹgbẹ̀rún onílù nígbà tí wọ́n ṣí eré Olympics ní London ní 2012. Bàtà kì í sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bó bá ń lùlù, torí ara àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi ń gbọ́ ọ.

Ṣé ọkùnrin nìkan ni?

• Ní 1975, àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn Playboy dìbò yan onílù rọ́ọ̀kì tó dáa jù. Ta ló wọlé? Karen Carpenter! Bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin olóhùn oyin yẹn. Ìdí ìlù ló ti dìde kó tó wá gba ẹnu makirofóònù.

• Ọdún 107 ni Viola Smith lò láyé, ìlù rẹ̀ méjì sì ga dé èjìká rẹ̀! Ní 1942 tí ogun ń kó àwọn ọkùnrin lọ, ó kọ̀wé sínú Down Beat pé kí àwọn ẹgbẹ́ olórin yéé fojú fo obìnrin tó mọṣẹ́.

• Ìdúró ni Maureen Tucker ti Velvet Underground máa ń lùlù! Ó dá ìlù ńlá dùbúlẹ̀, ó mú igi olórí rọ̀bọ̀tọ̀, aro kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lù bẹ́ẹ̀ nígbà náà, òun sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì wá ń wò kọ́ṣẹ́.

• Ọmọ ọdún mẹ́wàá pe Dave Grohl níjà! Nandi Bushell, ọmọ tí wọ́n bí ní South Africa tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti fi ìlù ta kò ara wọn ní 2020, Grohl sì fẹnu ara rẹ̀ gbà pé ó borí òun. Lọ́dún kejì, ó bá Foo Fighters lùlù lórí ìtàgé ní Los Angeles.

• Nílé wa ńkọ́? Aralọlá Ọlámúyìwá, Àrà tí gbogbo ayé mọ̀, gbé gángan kọ́ èjìká, ó ń lù ú, ó ń kọrin, ó sì ń jó, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ní obìnrin kì í lu gángan, kó wá bá Àrà sọ ọ́.

Ṣé òkìkí ni?

• O ti gbọ́ Hal Blaine rí, bí o ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀! Ìlù rẹ̀ wà nínú orin ogójì tó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, àti fún ọdún mẹ́fà léraléra, 1966 sí 1971, orin tó bá gba ẹ̀bùn Grammy fún rẹ́kọ́ọ̀dù ọdún, ìlù rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

• Àṣìṣe ni! Ìlù tó bẹ̀rẹ̀ "Be My Baby" ti 1963, tí àìmọye onílù ti wò ṣe, Blaine fúnra rẹ̀ ló ní òun gbàgbé láti lu ibì kan ni, òun bá kúkú ń gbàgbé ibẹ̀ lọ.

• Títí di 1971! Ìgbà yẹn, lórí What's Going On ti Marvin Gaye, ni ilé iṣẹ́ àwo Motown tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn onílù àti àwọn olóhun-èlò orin rẹ̀ sára àwo, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí gbogbo ayé ti ń jó sí ọwọ́ Benny Benjamin, onílù wọn, láìmọ̀ ọ́n.

• Marvin Gaye kan náà ńkọ́? Onílù ni! Òun ló wà nídìí ìlù nínú "Please Mr. Postman" ti 1961, orin àkọ́kọ́ tí Motown fi gba ipò kìíní láàárín gbogbo orin Amẹ́ríkà.

• Wọ́n ní John Lennon sọ pé Ringo kì í tiẹ̀ ṣe onílù tó dáa jù nínú Beatles. Irọ́ ni o! Ẹnu àwọn aláwàdà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, Lennon sì ti kú kó tó gbilẹ̀.

• Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe irọ́: ní oṣù Kẹsàn-án 1962, wọ́n háyà Andy White láti lu "Love Me Do", wọ́n sì fi sámbà lé Ringo lọ́wọ́. Ta ni ayé ń bá ya fọ́tò lónìí?

• Onílù ṣubú, ẹni tó wá wòran ló parí eré! Ní 1973 ní Kalifọ́níà, Keith Moon ti The Who dákú sídìí ìlù. Wọ́n bi àwọn èrò bóyá onílù kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan sì gorí ìtàgé.

• Moon yìí náà ló ra ìlù fún ọmọ Ringo, Zak Starkey. Láti 1996 sí 2025, ta ló jókòó sí àyè Moon nínú The Who? Zak náà ni!

• Ìṣẹ́jú àáyá méje péré! Ìlù tí Gregory Coleman lù nínú "Amen, Brother" ti 1969 ni wọ́n ti gé lẹ̀ mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin, òun ló bí orin jungle àti drum and bass ní London. Coleman kú ní 2006 láìrí kọ́bọ̀ nídìí rẹ̀.

• Ọdún 1969 yẹn náà ni Clyde Stubblefield lu "Funky Drummer", tí àwọn olórin rap ti bù lò nínú ohun tó ju ẹgbẹ̀rún orin lọ. Owó orin kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn dé, Prince san owó ìwòsàn rẹ̀, kò sì fi ṣe fọ́nńté.

Ọmọ Káàárọ̀-oòjíire ńkọ́?

• Gángan kò sí nínú jùjú láti ilẹ̀! Àkànbí Ẹ̀gẹ́ ló mú un wọlé ní 1948. Lónìí, ta ló lè ronú kan Sunny Adé tàbí Ebenezer Obey láìsí i?

• Iṣẹ́ ìjọba ló lọ kọ́! Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, fẹ́ di aṣojú orílẹ̀-èdè nígbà tó wọ Amẹ́ríkà ní 1950. Ìlù ló fi ṣojú wa nígbẹ̀yìn, àwo rẹ̀ Drums of Passion ti 1960 sì wọ ilé àwọn tí kò tíì rí ọmọ Áfíríkà rí.

• "Jingo" tí Santana fi jà ràìnràìn ní 1969, ta ló ni ín? Ọlátúnjí! Ilé àṣà tí ọkùnrin yìí dá sílẹ̀ ní Harlem náà ni John Coltrane ti fọn fèrè tó kẹ́yìn nínú èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀, ní oṣù Kẹrin 1967.

• Láti Erúwà dé ìdí Grammy! Síkírù Adépọ̀jù lu gángan fún Obey, ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó sì wà lára Planet Drum ti Mickey Hart, àwo tó gba Grammy àkọ́kọ́ tí wọ́n fún orin àgbáyé.

• Ìlù bàtá pẹ̀lú gìtá oníná! Ní Havana, láàárín àwọn ọdún 1970, ẹgbẹ́ Irakere gbé bàtá ojúbọ wá sójú ijó. Ìlù tí àwọn bàbá wa gbé la òkun kọjá bá jáàsì àti rọ́ọ̀kì wọ̀yá ìjà, kò sì wó lulẹ̀.

• Igba onílù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Àwọn Olodum ti Salvador ní Brazil ni wọ́n wà lẹ́yìn Michael Jackson nínú fídíò "They Don't Care About Us" ní 1996, wọ́n sì ti bá Paul Simon lùlù ṣáájú ìgbà náà.

• Ó gba Sàhárà kọjá torí ìlù! Ní 1971, Ginger Baker, onílù Cream tẹ́lẹ̀, wa Land Rover láti òkè òkun wá sí Èkó, ó bá Fẹlá ṣe àwo, ó sì kọ́ sítúdíò sí Ìkẹjà.

Ṣé ẹ̀rọ kò ti gbà á lọ́wọ́ wọn?

• Wọn kò rà á! Ẹ̀rọ ìlù TR-808 tí Roland ṣe ní Jàpáànù ní 1980 kò rówó pa, wọ́n sì ti pa á tì ní 1983 lẹ́yìn nǹkan bí 12,000. Hiphop wá rà á lójà àlòkù, ohùn rẹ̀ kò sì tíì kúrò nínú orin títí dòní.

• J Dilla, olórin hiphop, kọ́ ẹ̀rọ ní àṣìṣe! Ó jẹ́ kí ìlù ẹ̀rọ máa fà sẹ́yìn díẹ̀, kó máa ta gìrọ́gìrọ́, débi pé àwọn onílù ẹlẹ́ran ara, Questlove pàápàá, wá ń fi ara wé e. Ẹ̀rọ tí Dilla fúnra rẹ̀ lò wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington báyìí.

Ó yá, ká dájọ́

• Ẹsẹ̀ kan ni! Nígbà tí "Good Times Bad Times" jáde ní 1969, àwọn onílù búra pé ìlù ẹsẹ̀ méjì ni John Bonham ń tẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kan ṣoṣo ni, bí igi bá sì sú u, á jù ú nù, á fi ọwọ́ lásán lu "Moby Dick".

• Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni wọ́n gbé ìlù Bonham sí, òkè àtẹ̀gùn ni makirofóònù méjì wà! Báyìí ni wọ́n ṣe rí ìró "When the Levee Breaks" nínú ilé àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Headley Grange, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ sì ṣì ń lé ìró yẹn kiri.

• Nígbà tí Bonham kú ní 1980, ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, Led Zeppelin kò wá ẹlòmíràn: wọ́n tú ká. Nígbà tí wọ́n sì pé jọ ní London ní 2007, ọmọ bíbí inú rẹ̀, Jason, ni wọ́n fi sídìí ìlù.

• Fẹlá ló ń pín ohun tí olúkúlùkù máa lù fún un, àfi ẹnì kan! Tony Allen ló ń hun tirẹ̀ fúnra rẹ̀ láti 1964 títí tó fi kúrò ní 1979, ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì, olúkúlùkù ń sọ tirẹ̀, kò sì sí èyí tó ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ èkejì lẹ́nu.

• Fẹlá tí kì í yin èèyàn lásán ló sọ ọ́ pé bí kò bá sí Tony Allen, kò ní sí Afrobeat. Brian Eno ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Allen ni onílù tó ga jù tó tíì wáyé, Blur sì dárúkọ rẹ̀ sínú orin wọn kan ní 2000.

Èyí tèmi nìyí: kì í ṣe ọwọ́ yíyá, kì í ṣe ìwé, kì í ṣe ara pípé, òkìkí kọ́ sì ni. Ìlù tó bá dún jù, yíya ló ń ya. Ọ̀gá onílù ni ẹni tí àwọn tó yí i ká ń sunwọ̀n sí i torí pé ó wà láàárín wọn. Bó o bá gbà tàbí o ò gbà, gbé "Zombie" ti Fẹlá sí i lálẹ́ òní, gbàgbé fèrè, gbàgbé Fẹlá, kí o tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ọ̀tún Tony Allen nìkan. Lẹ́yìn náà, nígbà tí iyàn bá tún bẹ́ sílẹ̀, ìbéèrè kan péré ni kí o gbé kalẹ̀ lórí onílù yòówù tí wọ́n bá dárúkọ: bí a bá yọ ọ́ kúrò, ṣé orin náà ṣì wà?